Káàdì Kẹfà

Ẹ má pè é ní àlọ́. Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, nílùú Marietta ní ìpínlẹ̀ Ohio, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé tó ti ṣẹlẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Oyún Verlene ti pé oṣù méje. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Dorinda, ló fẹ́ ṣe àríyá fún un, irú èyí tí àlejò máa ń gbé ẹ̀bùn ọmọ wá kí aboyún tó bí. Ìyá ọmọ kì í pe àlejò fúnra rẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń pè wọ́n, orúkọ ẹni náà ló sì máa ń wà nísàlẹ̀ káàdì. Nítorí pé oṣù kẹwàá ni, tí ọdún Halowíìn, tí wọ́n máa ń fi àwòrán iwin àti elégédé ṣe ọ̀ṣọ́ ilé, ti sún mọ́lé, Dorinda ní àríyá iwin àti elégédé ni àwọn yóò ṣe.

Verlene kò fẹ́ iwin. Kò sọ ìdí rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, oyún kan bàjẹ́ lára rẹ̀. Ó ti fún ọmọ náà lórúkọ nínú ọkàn rẹ̀: Maribeth. Kò sọ ọ́ sétí ẹnikẹ́ni, kódà ọkọ rẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ inú rẹ̀ yìí bá ti dákẹ́ díẹ̀, àyà rẹ̀ a já.

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n jókòó sí ilé ìdáná Dorinda. Òjò ń kán sí fèrèsé. Dorinda tú àpòòwé tí ilé ìtẹ̀wé fi ránṣẹ́, ó tẹ́ àwọn àpẹẹrẹ káàdì sórí tábìlì.

"Wo eléyìí. Egungun òkú ló ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ."

"Dorinda, ṣé orí ẹ pé báyìí?"

"Aláǹtakùn ńkọ́?"

"Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ o. Ṣé o fẹ́ kó sá lọ ni?"

"Ohun tí mò ń gbàdúrà fún gan-an nìyẹn!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Verlene mú káàdì elégédé. "Eléyìí dáa. Kò dẹ́rù bani."

Ibi tó ti ń kó àwọn yòókù jọ ló ti rí i pé mẹ́fà ni wọ́n. Márùn-ún ni ìwé inú àpòòwé sọ. Ìkẹfà funfun báláú, kò ní àwòrán kankan. Ó tutù lọ́wọ́. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí orúkọ ẹni tó ń pe àlejò máa ń wà.

Maribeth.

"Ta ni Maribeth?" ni Dorinda bi í.

Òjò dá. Fìríìjì tó ti ń kùn láti àárọ̀ dákẹ́. Verlene gbé ọwọ́ lé ikùn. Ọmọ náà kò mira.

Dorinda pe ilé ìtẹ̀wé. "Márùn-ún la fi ránṣẹ́, Mà," ni obìnrin ibẹ̀ wí. "A ò tẹ funfun kankan."

Dorinda fa káàdì náà ya, ó jù ú síta. Ti elégédé ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn àlejò, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ilé Dorinda, kí oníkálukú lè sọ bóyá òun ń bọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àǹtí ọkọ Verlene, Àǹtí Ottilie, pè é.

"Mo ti pe ilé Dorinda pé mò ń bọ̀ o. Ọmọbìnrin kékeré kan ló gbé fóònù. Ó mọ̀wà hù gan-an! Ọmọ ta ni?"

Dorinda kò bímọ. Òun nìkan ló ń gbé ilé náà.

"Kí ló sọ fún yín?"

"Ó ní òun ti kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ó ní àlejò ti pé, àbúrò òun nìkan ni òun ń dúró dè."

Verlene gbé fóònù kalẹ̀. Ó jókòó nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú. Ó ń dúró. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé.

Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó ta ẹsẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré.

Lókè, nínú yàrá tí wọ́n ti tún ṣe sílẹ̀ fún ọmọ náà, ohun kan lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, bí ẹni tó ń dá a lóhùn.