Orúkọ Tó Wà Níwájú Ẹ̀rọ

Inú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà gbóná bí ààrò búrẹ́dì. Wọ́n ti fèrèsé, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì. Kàfáyá, ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, jókòó tì í, ó ń nu òógùn ojú, ó ń pa iná ẹ̀rọ náà, ó tún ń tàn án. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wọn yóò rò pé ó ń fi ìyà jẹ ẹ̀rọ náà ni, kò sì jìnnà sí òótọ́. Bí Ọ̀gá Ọláníyan ṣe máa ń dán gbogbo kọ̀ǹpútà tó bá tò wò nìyẹn. Ẹ̀rọ tí kò bá tíì fi odindi ọjọ́ kan ṣiṣẹ́ nínú ooru yẹn kò gbọdọ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ kan ní Àgbárá ni Ọláníyan ti ń tún ẹ̀rọ ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Sáàpù, ètò ìjọba lórí ọrọ̀ ajé, dé, tí náírà di yẹpẹrẹ, tí wọ́n sì ń dá òṣìṣẹ́ dúró, ó bá wọn lọ. Kò padà sí Ọ̀yọ́ tí í ṣe ìlú rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ló gbà sí Sango. Èkó ló ti ń ra àwọn páàtì, á sì tò wọ́n pọ̀ bí oníbàárà bá ṣe fẹ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ yóò gba èyí tí ọpọlọ rẹ̀ lágbára. Ẹni tó kàn fẹ́ tẹ lẹ́tà yóò gba èyí tó mọ níwọ̀n. Bó bá parí, á lẹ irin pẹlẹbẹ kékeré kan mọ́ iwájú rẹ̀, tí wọ́n kọ "Ọláníyan, Sango-Ọ̀tà" sí.

Irin kékeré yìí ló ń lé oníbàárà. Wọn á fọwọ́ pa ẹ̀rọ náà lára, inú wọn á dùn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti rí "Sango", wọn á ní àwọn ń bọ̀. Ẹ mọ irú "mò ń bọ̀" yẹn.

Lọ́sẹ̀ náà, Àlájì Fàlílù, mánéjà ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe bákẹ́ẹ̀tì ní Àgbárá, ránṣẹ́ pé òun yóò wá wo kọ̀ǹpútà kan. Bó bá tẹ́ òun lọ́rùn, òun yóò ra mẹ́wàá sí i. Ọ̀gá kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ fún Kàfáyá. Bí ọjà yìí bá bọ́, òun yóò ti ṣọ́ọ̀bù, òun yóò sì padà sí Ọ̀yọ́. Láti ìgbà tí Kàfáyá ti parí ìwé mẹ́wàá ni iṣẹ́ yìí ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀, kò sì sí ọ̀gá mìíràn ní gbogbo Sango tó fẹ́ fi iṣẹ́ náà kọ́ ọmọbìnrin. Ó ti bi wọ́n léèrè, wọ́n sì ti fi í rẹ́rìn-ín.

Àfi bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ pe ọ̀gá sí Ọ̀yọ́ lójijì pé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ papòdà. Ó fi ẹ̀rọ náà lé Kàfáyá lọ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Àlájì ń bọ̀, Láwàlì yà kí i. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ tẹ́lẹ̀, kí Láwàlì tó sá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní títì, níbi tí wọ́n ti ń lẹ orúkọ òkè òkun mọ́ ẹ̀rọ. Ó mú ọ̀kan jáde lápò, orúkọ ńlá kan láti Amẹ́ríkà, ó sì gbé e sórí tábìlì.

"Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké," ló wí. "Ẹ̀rọ yín dáa. Ẹ̀wù ni kò ní. Wọ ẹ̀wù fún un."

Kàfáyá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi lọ. Ṣùgbọ́n irin náà wà lórí tábìlì, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rọ burúkú lòun fẹ́ tà, òun fúnra òun lòun dán an wò. Ta ni yóò kú sí i? Ó yọ orúkọ ọ̀gá rẹ̀, ó lẹ ti Amẹ́ríkà. Nígbà tí Àlájì Fàlílù dé, ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀ kan, ó sì gbé ẹ̀rọ lọ.

Ọ̀gá dé, Kàfáyá ní Àlájì ti gbà á. Kò sọ ìyókù.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Ti Kàfáyá kò tilẹ̀ pẹ́ tó oṣù kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ ní Àgbárá, ó sì padà dé tagbáratagbára, ó jó gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì Àlájì, àfi ẹyọ kan. Àlájì wa mọ́tò wá sí Sango fúnra rẹ̀.

"Ẹ ṣé o, Ọ̀gá Ọláníyan. Ẹ̀rọ Amẹ́ríkà tí mo gbà lọ́wọ́ ọmọ yín nìkan ló yè. Olórí ilé iṣẹ́ wa ti ní ká lọ ra irú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó o wọlé l'Ékòó. Mo ní kí n kọ́kọ́ yà dúpẹ́ ni."

Ọ̀gá wò ó, ó wo Kàfáyá. Ẹ̀rọ Amẹ́ríkà wo? Ìtìjú bo ọmọ náà. Ó lè dákẹ́, kí ó di ẹ̀bi ru ọ̀gá rẹ̀ tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Àlájì, ibí la ti tò ó. Èmi ni mo yọ orúkọ ọ̀gá mi kúrò. Wọn ò mọ̀ sí i."

Ìdùnnú Àlájì kú lójú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn tán di ẹ̀rọ ayédèrú lẹ́nu rẹ̀ kíá. Ó ní ẹni tó lè parọ́ orúkọ, kí ni kò ní parọ́ rẹ̀ nípa inú ẹ̀rọ? Ó ní òun yóò dá a padà.

"Ẹ má gbà mí gbọ́," ni Kàfáyá wí. "Ẹ ra ẹyọ kan l'Ékòó, ẹ gbé òun àti tiwa wá sínú yàrá ẹ̀yìn yìí. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ máa pa á, kí ẹ máa tàn án."

Àlájì gbà, bóyá láti dójú tì í ni. Ó gbé méjèèjì wá, ó sì jókòó sínú ooru títí agbádá rẹ̀ fi rin gbingbin. Ti Èkó kò kú. Ti Sango náà kò kú. Àlájì dìde, ó na ẹ̀yìn, ó sì rẹ́rìn-ín sínú.

"Kò sí èyí tó ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n bí ti Amẹ́ríkà bá bàjẹ́ lọ́la, ta ni màá rí bá wí? Sango ni mo mọ̀nà rẹ̀. Ẹ lẹ orúkọ yín padà."

Ó ṣeni láàánú pé olórí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti sanwó méje l'Ékòó, ẹ̀rọ mẹ́ta péré ló kù fún Ọláníyan. Mẹ́ta yẹn ni kò jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù tì. Ọ̀gá kò lé Kàfáyá. Ó kàn bi í pé, "Ọmọ tó yanjú tí a bí, kí ló dé tí a fi ń wá bàbá mìíràn fún un?" Kàfáyá mú irin orúkọ ọ̀gá rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú èyí àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi orúkọ ẹlòmíràn ta iṣẹ́ ọwọ́ yín. Bí iṣẹ́ náà bá burú, ẹ ti purọ́. Bó bá sì dára, ẹlòmíràn ni wọn yóò máa lọ bá rà á.