Oògùn Ìyá Àgbà

"Ràṣídì! O ti tún lọ jí ṣúgà lá, àbí?"

Làtífátù dúró lẹ́yìnkùlé, ó nawọ́ sí ìdí igi àgbọn tí àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀ sí. Èèrà ti bo ibẹ̀ bámúbámú. Omi ni Ràṣídì ń mu lọ ràì nínú ife, bí ẹni pé wọn kò fún un lómi rí láyé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ń jẹun bí àgbàlagbà, tó sì ń rù sí i lójoojúmọ́! Ẹ̀rù ba Sìdíkàt, ìyá wọn. Wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ajah lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Èkó. Nígbà tí wọ́n padà dé, abẹ́rẹ́ àti ìgò oògùn kékeré kan wà lọ́wọ́ wọn.

"Wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni," ni ìyá wọn wí, ojú wọn ti pọ́n.

Ìyá Àgbà, tó bí bàbá àwọn ọmọ náà, pàtẹ́wọ́. "Irú tèmi yìí? Lára ọmọdé? Hàà! Ṣúgà lílá ló kó bá a."

Gbogbo ẹni tó gbọ́ ní àdúgbò ló gbà bẹ́ẹ̀. Ọdún 1976 nìyẹn, ta ni yóò là wọ́n lọ́yẹ̀? Làtífátù gan-an, tó wà ní kíláàsì kẹrin nílé ẹ̀kọ́ girama, tó sì máa ń fi ìwé tó kà yangàn, gbà pé ọ̀kánjúà àbúrò òun ló bá a jà.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ìyá wọn ní láti gbé ẹja yíyan lọ sí ọjà Ẹ̀pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bàbá wọn, Sùlè Ògúnlànà, kì í gbélé. Orí ọ̀sà ni wọ́n máa ń wà pẹ̀lú àwọ̀n wọn. Ìyá wọn di Làtífátù lọ́wọ́ mú.

"Mo fi àbúrò rẹ lé ọ lọ́wọ́ o. Àràárọ̀ ni kí o máa gún un, kó tó jẹun. Má fò ó! Nọ́ọ̀sì ní a kò gbọdọ̀ fò ó."

"Mo ti gbọ́, Màámi."

Gbígbọ́ rọrùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni Làtífátù gbọdọ̀ máa se abẹ́rẹ́ nínú omi gbígbóná. Bí Ràṣídì bá ti rí i, yóò sá wọ abẹ́ àkéte. Ariwo, ẹkún, ìjàkadì. Nígbà tí Làtífátù bá fi máa dé iléèwé, wọn á ti ti géètì, wọn á ní kó kúnlẹ̀ sínú oòrùn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sú u. Kí a má parọ́, ó sú u gidi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ràṣídì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Ṣé Ìyá Àgbà ń gba abẹ́rẹ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Làtífátù lọ́kàn. Òótọ́ ni! Ìyá Àgbà sanra, ara wọn dán, wọn kì í gba abẹ́rẹ́ kankan. Hóró oògùn ni wọ́n ń lò, wọ́n ń mu omi ewúro, wọ́n sì dín ẹ̀bà kù. Bẹ́ẹ̀, nílé Ògúnlànà, oògùn tó bá ti bá ẹnì kan lára mu, gbogbo ilé ló ni ín. Inú ọ̀rá kan náà ni gbogbo wọn ti ń mú oògùn ibà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn.

Ìyá Àgbà alára ló tú ọ̀rá oògùn wọn. "Fún un nínú tèmi. Wò mí! Ṣé mo ti kú ni?"

Ohùn ìyá rẹ̀ ń dún létí Làtífátù: má fò ó. Ó wo ojú ọjọ́, ó wo àbúrò rẹ̀ tó ń gbọ̀n, ó sì gbé abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀. Ó fún Ràṣídì ní hóró kan pẹ̀lú omi ewúro. Ẹ̀bà rẹ̀, ó bù ú kù.

Lọ́jọ́ yẹn, kò pẹ́ dé iléèwé. Nígbà tó padà, Ràṣídì ń ṣeré létí omi, ó ń rẹ́rìn-ín. Inú Làtífátù dùn dé ibi pé ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó sì tún ṣe é lẹ́yìn náà.

Ni èébì bá bẹ̀rẹ̀. Inú ń run ọmọ náà. Ó ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré, bẹ́ẹ̀ orí ẹní ló wà. Ẹnu rẹ̀ ń rùn bí èso tó ti rà. Bàbá wọn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí ọ̀sà dé, sáré gbé e sínú ọkọ̀, Làtífátù gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń pè é. Kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí Èkó, kò dáhùn mọ́.

Dókítà Ọ̀ṣuntọ́lá, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì yíjú sí wọn. "Ta ló dá abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró?"

"Èmi ni, mà. Oògùn Ìyá Àgbà ni mo fún un. Àìsàn kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì."

"Ohun tó fa tìyá àgbà kọ́ ló fa tirẹ̀, ọmọ mi." Dókítà náà jókòó tì í. "Ohun kan wà lẹ́yìn àpòlúkù wa tó ń ṣe omi tí à ń pè ní ínsúlínì. Òun ló ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọnú ara, kí ara lè fi ṣagbára. Ara ìyá àgbà ṣì ń ṣe é, ara wọn ni kò gbọ́ tirẹ̀ dáadáa mọ́. Ọjọ́ orí, ara sísan jù àti ìran tí èèyàn ti wá ló sábà máa ń fa ìyẹn. Ti Ràṣídì yàtọ̀. Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbógun ti ibi tó ń ṣe ínsúlínì, tó bà á jẹ́. A kò tíì mọ ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ ogun náà. Ohun tí a mọ̀ ni pé kì í ṣe ṣúgà, kì í ṣe ọ̀kánjúà. Kò ní ínsúlínì kankan mọ́ àfi èyí tí ẹ bá gún un."

Làtífátù di orí mú. Gbogbo èébú tó ti bú ọmọ náà ń padà wá sí i létí.

"Ẹ tètè gún un, mà! Ẹ jọ̀ọ́!"

"A ti gún un. Ẹ pẹ́ kí ẹ tó gbé e dé ni."

Kí oòrùn tó wọ̀, Ràṣídì dákẹ́.

Ìyá wọn bá òkú ọmọ nílé. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ fún wọn. Bí Làtífátù bá ti fẹ́ lanu, Ìyá Àgbà, tí omijé kò gbẹ lójú wọn, á di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin. Ibi tí wọ́n jókòó sí lọ́jọ́ àdúà ni Ìyá Kàsímù, aládùúgbò wọn, ti mi orí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Sìdíkàt. Ṣúgà lílá ló pa ọmọ yìí."

Ìyá Ràṣídì tẹrí ba bí ẹni tí ìtìjú mú. Làtífátù kò lè gbà á mọ́. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó dìde.

"Rárá o, mà! Ràṣídì kò ṣe nǹkan kan. Àìsàn rẹ̀ kò ti ẹnu rẹ̀ wá. Abẹ́rẹ́ ló ń mú un wà láàyè, èmi ni mo dá a dúró, tí mo fún un ní oògùn ẹlòmíràn, torí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n."

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún pín oògùn mu nílé Ògúnlànà. Ẹ̀kọ́ tó yẹ kí wọ́n béèrè lẹ́nu dókítà, ikú ọmọ ló kọ́ wọn: kí èèyàn mọ ohun tó fa àìsàn kó tó dáwọ́ lé ìwòsàn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àdúà yẹn, ìyá rẹ̀ wò ó títí. Wọn kò pariwo, wọn kò nà án.

"Làtífátù, mo ní kí o má fò ó."

Làtífátù kúnlẹ̀ níwájú wọn.