Ta Ló Ń Tẹ Kámẹ́rà Olóògbé?

Òkú ló wà lórí tábìlì Ojúlarí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe òkú èèyàn. Kámẹ́rà ni. Àmọ́ bí àwọn méjì tó gbé e wá ṣe fajú ro, tí wọ́n dúró tì í gbọnyin, ẹ ó rò pé wọ́n ń dúró de ẹni tó máa gbẹ́ ilẹ̀ ni.

Atúnkámẹ́ràṣe ni Ojúlarí. Obìnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tó máa ń wọ awò méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Wọ́n ní ohun tó bá sá pamọ́ fún gbogbo ayé kò lè sá fún ojú rẹ̀. Òun kì í gbà. Á ní bí ojú òun bá mú tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí òun ń wá awò tó wà lórí òun kiri.

Ọ̀kan nínú àwọn méjì náà jẹ́ opó, ìyàwó ẹni tó ni kámẹ́rà. Ìkejì ni àbúrò olóògbé, ayàwòrán òde àríyá tí wọ́n ń pè ní Kíákíá, torí pé àwòrán rẹ̀ máa ń dé ọwọ́ èèyàn kí ẹ̀rín tó kúrò lẹ́nu onítọ̀hún.

Olóògbé ní tirẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni kánjú. Ìràwọ̀ ló ń yà. Ẹlòmíì ń ya ìyàwó, ẹlòmíì ń ya ọmọ ọwọ́. Oníràwọ̀, bí wọ́n ṣe ń pè é, á gbé kámẹ́rà sí ẹ̀yìnkùlé, á kọjú rẹ̀ sí sánmà, á sì máa ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Àìsàn àyà ló mú un lójijì. Kò jẹ́ kó tún rí ìràwọ̀ mọ́.

Opó fẹ́ ta kámẹ́rà náà fún tíṣà kan. Tíṣà wá wò ó nílé, ó tẹ̀ ẹ́, nǹkan ọ̀hún wúkọ́, ó sì há. Tíṣà ní kí wọ́n lọ yẹ ṣọ́tà rẹ̀ wò kí òun tó sọ̀rọ̀ kankan.

Ṣọ́tà ni ilẹ̀kùn kékeré inú kámẹ́rà. Ewé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Téèyàn bá tẹ bọ́tìnnì, á ṣí: ká. Ìmọ́lẹ̀ á wọlé. Á sì padé: ṣá. Ilẹ̀kùn ni ilẹ̀kùn ń jẹ́. Èyí tí wọ́n bá ń ṣí tí wọ́n ń tì láìsinmi, ọjọ́ kan ń bọ̀ tó máa yẹ̀.

Ojúlarí so wáyà mọ́ kámẹ́rà, ó wo iye ìgbà tí ilẹ̀kùn náà ti ṣí lórí kọ̀ǹpútà. Iye náà pọ̀ jọjọ. Ó yọ lẹ́ńsì, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú. Ewé irin ti dán níbi tí wọ́n ti ń ha ara wọn. Èérún dúdú wà nílẹ̀ inú rẹ̀. Ewé kan ti tẹ̀, ó sì há mọ́ èkejì.

Ojúlarí fọwọ́ lérán. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ṣọ́tà tuntun síbẹ̀. Oníràwọ̀ wá gbé kámẹ́rà lọ lọ́sàn-án, ó ń fi ayọ̀ sọ pé òun máa fi ya ìràwọ̀ lálẹ́. Kí alẹ́ tó lẹ́, ilé ìwòsàn ló wà, kò sì padà wálé.

"Ẹnì kan ti ń tẹ kámẹ́rà yìí lẹ́yìn ikú ọkọ yín," ló sọ. "Kò sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́ni tó dáhùn."

Opó yíjú sí Kíákíá. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, "ẹ" ló ń fi bá a sọ̀rọ̀, torí pé ó bá a nílé. Lọ́jọ́ yìí, ó gbé ìyẹn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé o gbọ́? Kámẹ́rà tìẹ ló ń ṣàìsàn lórí pẹpẹ Àǹtí níbẹ̀ yẹn látọjọ́ yìí. Síbẹ̀ o ń lọ òde. Kí lo fi ń yàwòrán, ojú ẹ?"

Kíákíá ní ọ̀rẹ́ òun ló yá òun ní kámẹ́rà. Ọ̀rẹ́ wo? Ó ti rìnrìn àjò. Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá olóògbé, níbi tí kámẹ́rà wà, yàtọ̀ sí opó? Kíákíá ní òun ni.

"Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi lóòótọ́, ìyàwó wa," ló wí. "Ẹsẹ̀ mi ni kò gbà. N kò tíì lè wọ yàrá yẹn."

Opó ní kó lọ sọ ìyẹn fún ẹlòmíì. Bí Ojúlarí bá ti lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé Kíákíá ni, kó kúrò nílé lọ́jọ́ náà gan-an. Ìgbà yẹn ni Ojúlarí rí báàgì aṣọ tó wà léjìká Kíákíá. Ó ti di ẹrù rẹ̀ kí wọ́n tó dá ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ kò wá rí bí eré mọ́. Ọmọ méjì péré ni ìyá wọn bí. Ilẹ̀ ti gba ọ̀kan. Bí ìkejì bá tún gba ẹnu ọ̀nà jáde, ta ni yóò máa kí ìyá náà káàárọ̀?

Ojúlarí kọ́kọ́ pe tíṣà lórí fóònù. Tíṣà ní òun ya ògiri, òun ya fèrèsé, ni kámẹ́rà bá dákẹ́. "Mo bá òkú ni," ló ní, "n kò pa á." Ojúlarí wo mẹ́mọ́rì, ibi tí kámẹ́rà ń kó àwòrán pamọ́ sí, ògiri wà níbẹ̀, fèrèsé náà wà níbẹ̀. Ìyẹn kò lè jẹ ṣọ́tà tuntun tán.

Ó bi opó náà pé, ẹ̀yin ńkọ́? Kọ́kọ́rọ́ ṣáà wà lọ́wọ́ yín. Obìnrin náà dáhùn pé ṣé òun lè fọwọ́ ara òun ba ohun tí òun fẹ́ tà jẹ́ ni. Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀. Ó ní ìdí tí òun fi fẹ́ tà á ni pé tí òun bá ti rí i, ó dà bíi pé olóògbé ń wo òun láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ó ku àwọn àwòrán yòókù tó wà nínú mẹ́mọ́rì. Ojúlarí ṣí wọn. Dúdú. Ó ṣí òmíì. Dúdú. Gbogbo rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Déètì ara wọn kò sì wúlò, torí pé nígbà tó tú kámẹ́rà láti fi ṣọ́tà tuntun sí i ni aago inú rẹ̀ ti dàrú, kò sẹ́ni tó tún un tò.

"Àwòrán òkùnkùn Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn," ni Kíákíá wí. "Tó bá ya ìràwọ̀ tán, á fi ìdérí bo lẹ́ńsì lójú, á wá ya òkùnkùn lásán. Ó ní òun fi ń ṣa ìdọ̀tí kúrò lára ìràwọ̀."

Opó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí láti àárọ̀ nìyẹn.

Àmọ́ Ojúlarí mọ iṣẹ́ Oníràwọ̀. Bí àwòrán ìràwọ̀ bá ṣe pẹ́ tó ni àwòrán òkùnkùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ pẹ́ tó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò wúlò fún nǹkan kan. Ṣọ́tà lè wà ní ṣíṣí fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ọ̀kan nínú wọn tó parí. Ìwọ̀nyí kò pẹ́ ju kí ojú ṣẹ́ lọ. Òun gan-an ló sì yí kámẹ́rà sí ìwọ̀n yẹn, lọ́jọ́ tó ń dán ṣọ́tà tuntun wò. Látìgbà náà, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kò yí nǹkan kan padà.

Ó gbé kámẹ́rà súnmọ́ imú.

"Àǹtí," ni Kíákíá wí, "ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni?"

Róòbù ló ń ta sánsán lórí bọ́tìnnì náà, èyí tí àwọn àgbà fi ń pa orúnkún. Ojúlarí bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní kí wọ́n mú òun lọ sí yàrá olóògbé.

Lójú ọ̀nà, opó bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí ìyá ọkọ òun gbọ́ nípa ìjà yìí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá Màmá fà á, wọn kò sì tíì sọ fún un pé kámẹ́rà ti há.

Yàrá kékeré kan ni, lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń lò ó látìgbà náà. Àmọ́ ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ojúlarí fìka nu etí fèrèsé, ìka náà kò gbé eruku. Wáyà kámẹ́rà ṣì wà lára ògiri, torí pé ìràwọ̀ máa ń pa bátìrì, iná ògiri ni Oníràwọ̀ fi ń bọ́ ọ. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé kámẹ́rà dúró wà nítòsí fèrèsé. Wọ́n ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí dé àyà ẹni tó bá jókòó. Àpótí ìjókòó kan wà nídìí rẹ̀.

"Ta ló ń gbá yàrá yìí?" ni Ojúlarí béèrè.

"Màmá ni, láràárọ̀," ni opó dáhùn. "Èmi ni mo máa ń ṣílẹ̀kùn fún wọn. Àmọ́ Màmá kì í fọwọ́ kan..."

Kò sọ ọ́ tán. Ó gbọ́ ohun tó ń jáde lẹ́nu ara rẹ̀.

Ojúlarí sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Kíákíá kọ́. Ẹni tó ń fi kámẹ́rà jẹun kò ní gbàgbé ìdérí lójú lẹ́ńsì lójoojúmọ́, kò sì ní lò ó láìyí nǹkan kan padà. Ẹni tó ń ṣe èyí kò wá àwòrán. Orúnkún ń dùn ún, ó jókòó ṣe é, kò sì sẹ́ni tó ka wíwọlé rẹ̀ sí wíwọlé, torí pé ìgbálẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Màmá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Báàgì èjìká Kíákíá ló ń wò.

"Ìwọ, níbo lò ń gbé ìyẹn lọ?"

Màmá wo opó, ó wo kámẹ́rà ọwọ́ Ojúlarí, ó sì gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

"Èmi ni," ló wí. "Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

Ó jókòó sórí àpótí. Ó ní Oníràwọ̀ máa ń dúró níwájú fèrèsé òun tó bá ń ṣiṣẹ́. Òun kò mọ ìràwọ̀ tó ń yà. Ohùn rẹ̀ lòun mọ̀.

"Ká, á wá dákẹ́. Nígbà míì mo máa gba odindi àdúrà kan tán kó tó ní ṣá. Tí mo bá ti gbọ́ ṣá, mo mọ̀ pé ọmọ mi wà níbẹ̀, oorun á gbé mi lọ. Ó wá lọ, ilé dákẹ́. Mo ń nu kámẹ́rà lọ́jọ́ kan, ọwọ́ mi kàn án, ló bá dún." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Àmọ́ tèmi kì í pẹ́. Ká-ṣá, ó ti parí. Mo ní bóyá n kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa ni. Mo wá ń tẹ̀ ẹ́ kó lè pẹ́ bíi tiẹ̀. N kò mọ̀ pé ó ń jẹ. N kò ṣáà ṣí ojú ẹ̀."

Opó ló kọ́kọ́ mira. Ó gba báàgì léjìká Kíákíá, ó gbá a mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ.

"Ẹ má bínú sí mi," ló wí. "Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e wọlé."

Ojúlarí padà sí ṣọ́ọ̀bù. Kì í da ẹ̀yà ara kámẹ́rà nù. Agolo kan wà nídìí tábìlì rẹ̀ tó kún bí ibojì. Ó tú u sílẹ̀, ó wá a títí, ó rí i: ṣọ́tà àtijọ́ tó yọ lára kámẹ́rà yìí, èyí tí Oníràwọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ lò títí tó fi gbó. Ó fi epo díẹ̀ sí i, ó dá a padà sínú ilé rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó gbé kámẹ́rà lọ fún wọn. Kò purọ́ fún Màmá. Ó ní ṣọ́tà náà ti gbó, kò ní pẹ́ tí yóò fi dákẹ́, kó máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Opó ti pe tíṣà pé kó má wá mọ́. Kíákíá bá wọn gbé àga wọlé, ó wọ yàrá náà fúngbà àkọ́kọ́, ó sì fara ti ògiri.

Ojúlarí yí nǹkan kan lára kámẹ́rà, ó sún sẹ́yìn.

Màmá tẹ bọ́tìnnì.

Ká.

Yàrá pa rọ́rọ́. Kíákíá, tí kò mọ bí wọ́n ti ń dúró de nǹkan, dúró. Opó di etí àga mú. Ètè Màmá ń mì wúyẹ́wúyẹ́, kò kánjú, ó dárúkọ èyí tó lọ, ó dárúkọ èyí tó kù, ó dárúkọ ìyàwó.

"Àmín," ló wí.

Ṣá.