Ta Ni Dádì Àmírà?

Àmírà jí ní àárọ̀ Sátidé. Ó fò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, fìrì!

"Dádì ń bọ̀ lónìí!"

Dádì ò gbé ilé wọn mọ́. Ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Sátidé tó kọjá, Àmírà dúró dè é títí. Dádì ò wá.

"Ṣé wọ́n máa wá lónìí, Màmá Àgbà?"

Màmá Àgbà ni ìyá Mọ́mì. Wọ́n fajú ro. "Mọ́mì rẹ ló ní kí n mú ọ lọ pàdé rẹ̀ ní téṣàn. Wọ bàtà rẹ."

Àwọn méjèèjì dé téṣàn ọkọ̀ ojú irin ní Peckham. Wọ́n gun àtẹ̀gùn. Gbì. Gbì. Gbì. Orúnkún ń dun Màmá Àgbà.

Ọkọ̀ ojú irin dé. Fàààà! Ilẹ̀kùn ṣí, ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀. Dádì kọ́.

Ọkọ̀ mìíràn dé. Fàààà! Dádì kọ́.

"Mo ti mọ̀," ni Màmá Àgbà wí. "Bó ṣe máa ń ṣe Mọ́mì rẹ náà nìyẹn."

Àmírà ò sunkún. Ó sáré lọ bá Àǹtí Tinúadé tó ń ṣiṣẹ́ ní téṣàn.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ bá mi pe Dádì mi."

"Kí lorúkọ wọn?"

"Dádì."

Àǹtí rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà ńkọ́?"

"Àmírà."

Àǹtí gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu. "Dádì Àmírà! Dádì Àmírà o! Àmírà ń wá yín!"

Gìdì, gìdì, gìdì! Bàbá kan sáré dé. "Kí ló ṣe Àmírà mi?" Ó ní Àmírà tirẹ̀ nílé. Dádì kọ́.

Gìdì, gìdì! Òmíràn sáré dé, búrẹ́dì lẹ́nu rẹ̀. Òun náà ní Àmírà tirẹ̀. Dádì kọ́.

"Ẹ wò wọ́n," ni Màmá Àgbà wí. "Gbogbo Dádì Àmírà ló ń sáré. Èyí tí à ń pè nìkan ni ò sáré."

"Màmá Àgbà, kí lorúkọ Dádì mi gan-an?"

Màmá Àgbà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ti búra pé àwọn ò ní fẹnu pe orúkọ yẹn mọ́ láyé.

Àmírà kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tútù. "Ẹ jọ̀ọ́ mà."

Màmá Àgbà mí kanlẹ̀. "Làtíìfù." Ó korò lẹ́nu wọn bí ewúro.

"Làtíìfù o!" ni Àǹtí ké.

Ní òdìkejì ojú irin, ọkùnrin kan dìde lórí bẹ́ǹṣì. Dádì ni! Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó tún gun òkè wá sọ́dọ̀ wọn, gìdì, gìdì, gìdì! Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màmá Àgbà.

"Mo ti dé tipẹ́, mà. Mo rí yín, ẹ̀rù yín bà mí."

"A pe Dádì Àmírà. O ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́, mà. Mo rò pé kì í ṣe orúkọ mi mọ́."

Àmírà gùn ún lẹ́yìn. "Ẹ̀yin ni! Ẹ̀yin ni! Ẹ̀yin ni!"

Màmá Àgbà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n jẹ́ kó wà nílẹ̀ fúngbà díẹ̀.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Bá ọmọ rẹ de bọ́tìnì kóòtù rẹ̀. Òtútù wà níta."

Dádì dè é, láti ìsàlẹ̀ títí dé ọrùn. Àmírà ń rẹ́rìn-ín kèékèé.