Abẹ́rẹ́ Tó Dúró Láàárín

Mo ti yẹ ọkọ̀ náà wò, òfìfo ni. Èmi fúnra mi ni mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Síbẹ̀, bí ó ṣe gbéra, abẹ́rẹ́ ní ènìyàn kan wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ àwọn ọkọ̀ orí okùn tuntun nìkan, ẹ ò lè mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọkọ̀ méjì ló so mọ́ okùn irin kan náà nígbà tiwa, bíi korobá méjì lórí kànga kan. Bí ọ̀kan bá ń gòkè, èkejì gbọ́dọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀. Wọn á pàdé láàárín, lókè àfonífojì, wọn á sì kọjá ara wọn níbi tí ọwọ́ ẹni tó wà nínú ọ̀kan kò ti lè tó èkejì. Èmi ni mo ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì nínú ilé òkè. Níwájú mi ni ojú aago kan wà tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń jẹ iná hàn. Bí ọkọ̀ tó ń gòkè bá wúwo jù, abẹ́rẹ́ á lọ sọ́tùn-ún. Bí èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ bá wúwo jù, á lọ sósì. Bí wọ́n bá dọ́gba, á dúró láàárín. Ènìyàn lè parọ́ bí òun ṣe sanra tó fún ìyàwó rẹ̀, kò lè parọ́ fún abẹ́rẹ́ mi.

Kùrukùru ti bo òkè lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àǹtí Barla, tó ń tọ́jú ilé ìsàlẹ̀, lu agogo pé òun náà ti ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ tòun. Òfìfo ni méjèèjì. A máa ń gbé wọn lọ, gbé wọn bọ̀ bẹ́ẹ̀ kí yìnyín má baà dì mọ́ okùn. Àárín ló yẹ kí abẹ́rẹ́ dúró. Ó lọ sósì, ìwọ̀n ọkùnrin kan gbáko. Nígbà tí ọkọ̀ méjèèjì pàdé, ó gbọ̀n, ó rọra kọjá sọ́tùn-ún, ó sì wà níbẹ̀ títí ọkọ̀ fi dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ti bá èkejì padà sókè. Mo ṣílẹ̀kùn. Kò sí ẹnì kankan, omi yìnyín nìkan ló wà nílẹ̀.

Mo gbé tẹlifóònù. "Àǹtí Barla, ṣé ẹ fi nǹkan sínú ọkọ̀ ni?"

"Kí ni mo fẹ́ fi sí i? Bàbá abẹ́rẹ́, wàràkàṣì tó o jẹ lánàá ló ń dà ẹ́ láàmú."

Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àti ní gbogbo ọ̀sán tí kùrukùru bá ti wálẹ̀. Mo tú ojú aago náà, mo nù ún, mo tún un tò. Kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí, nítorí mo mọ ẹni tó lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi Luzi máa ń bá èrò rìn nínú ọkọ̀ nígbà tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣì ní olùtọ́jú tirẹ̀. Wọ́n ní àṣà kan. Bí wọ́n bá pàdé láàárín, ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ á ké pé, "Ọ̀nà mọ́?" Ẹni tó ń gòkè á dáhùn pé, "Ọ̀nà mọ́. Máa lọ sílé." Bí kò bá gbọ́ ìdáhùn, kò ní lọ sísàlẹ̀ mọ́, á padà sókè, torí ìdákẹ́jẹ́ fi hàn pé nǹkan ti bàjẹ́ nílé. Lọ́dún kan, Luzi jáde lọ wá àlejò tó ṣìnà lẹ́yìn ilé òkè. Àlejò padà wálé. Yìnyín orí òkè ya lu Luzi, a wa ilẹ̀ títí, a ò rí i.

Àwọn àgbà ní kí ọmọ ẹni kú, ó yá ju kí ó nù. Ìyá wa, Mengia, kò gbà kí àlùfáà gbàdúrà òkú fún Luzi. Alaalẹ́ ló ń bu ọbẹ̀ ọkà báálì tirẹ̀ sórí tábìlì, kì í sì í fẹ́ jẹun ṣáájú ẹni tí kò tíì dé. Ó rù títí ó fi ku egungun. Mo ń rí i pé òkú kan fẹ́ fa èkejì lọ, n kò sì mọ ohun tí mo lè ṣe.

Mo fọ̀rọ̀ náà lọ Àǹtí Barla, àṣìṣe ńlá. Ọ̀rọ̀ kì í sùn sí i lẹ́nu. Kí n tó délé, ìyá mi ti gbọ́.

"Placi," ó rọra sọ ọ́, "ẹ̀gbọ́n ẹ ń pè, o ò sì sọ fún mi?"

"Màmá, ẹ́ńjìnnì ló ti gbó."

"Ṣé abẹ́rẹ́ tó o fi ń yangàn káàkiri abúlé ló wá gbó lónìí? Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n máa gé okùn yẹn, kí wọ́n lè ṣe tuntun. Bí wọ́n bá gé e, ibo lọmọ mi máa gbà wálé?"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ dá a lóhùn."

"Ta ló máa tọ́jú ẹ́ńjìnnì? Èmi ni mò ń lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, kò gba agbára."

Bí kùrukùru ṣe wálẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ti jókòó sínú ọkọ̀ ìsàlẹ̀, ó fi ìborùn Luzi wé ọrùn.

"Mo ti tì í mọ́nú," Àǹtí Barla sọ lórí tẹlifóònù. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Kò dá mi lójú, Àǹtí."

Agogo dún. Mo gbé ọkọ̀ náà. Ìyá mi nìkan ló ń gòkè, ọ̀tún ló yẹ kí abẹ́rẹ́ lọ. Ó dúró láàárín. Ara mi bù máṣọ: ẹnì kan ń sọ̀ kalẹ̀ lọ pàdé rẹ̀.

Mo gbé ọwọ́ lé bíréèkì. Bí mo bá dá wọn dúró, ìyá mi á máa fì nínú òtútù lókè àfonífojì. Bí n kò bá dá wọn dúró, mi ò mọ ohun tí wọ́n máa bára wọn ṣe. Ọkọ̀ méjèèjì pàdé. Abẹ́rẹ́ gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Mo dúró kí ó sáré sósì tàbí sọ́tùn-ún, kò lọ síbì kankan. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní ó parí, Luzi ń lọ sílé, Màmá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ọkọ̀ yọ láti inú kùrukùru. Mo sáré ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Òfìfo ni. Ìborùn Luzi ti lọ, omi yìnyín sì wà nílẹ̀.

Mo rò pé Màmá ti já sínú àfonífojì. Tẹlifóònù dún.

"Placi." Àǹtí Barla ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ìyá ẹ wà níbí."

"Níbo?"

"Nínú ọkọ̀ tó wá láti ọ̀dọ̀ ẹ. Inú èkejì ni mo tì í mọ́. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tì í, Placi."

Nígbà tí mo yíjú padà, ipasẹ̀ olómi ti gba ẹ̀gbẹ́ àga mi kọjá, ó jáde lọ sẹ́yìn ilé, síbi tí yìnyín ti sin Luzi láìgbẹ́ ilẹ̀. Mi ò tẹ̀ lé e.

Lálẹ́, Màmá jókòó sídìí tábìlì. Ìborùn kò sí lọ́rùn rẹ̀ mọ́.

"Ó bi mí bóyá ọ̀nà mọ́," ó ní. "Mo la ẹnu, mi ò lè sọ ọ́. Ṣé irú ọ̀rọ̀ ìdágbére yẹn ló yẹ kí ìyá sọ fún ọmọ rẹ̀? Ó dúró, dúró. Ìgbà tó rí i pé ẹ̀dùn ò jẹ́ kí n dáhùn, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó ní, 'Ọ̀nà mọ́, Màmá. Ẹ máa lọ sílé.'"

Ó fa àwo ọbẹ̀ Luzi mọ́ra, ó sì jẹ ẹ́ tán. Ó ní kí n lọ pe àlùfáà lówùúrọ̀.

Inú mi dùn, kò sì yẹ kí n bi í ní ohunkóhun mọ́. Ṣùgbọ́n mo bi í. "Màmá, báwo lẹ ṣe kọjá sínú ọkọ̀ kejì?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo wí.

"Kọjá bọ́ sí ibo?" ó ní. "Mi ò dìde níbi tí mo jókòó sí."