Ẹ̀rọ Ìránṣọ Vincent Babalọlá

Ẹ̀rọ ìránṣọ méjìlá ló kúrò ní Tempelhof ní Berlin lọ́dún 2006, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n bá ní ilé ìkẹ́rùsí ní Hamburg. Ìwé ẹrù tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde náà ò mọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Alhaji Mọ́nsúrù, tó ń kó ẹrù àwọn ènìyàn ránṣẹ́ sí Èkó, ti pariwo akọ̀wé rẹ̀, Olúfúnkẹ́, lólè lójú àwọn oníbàárà. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, ìwé ìgbélùú rẹ̀ bọ́ nìyẹn.

Kọmíṣọ́nnà Akínfẹ́mi, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá Berlin, ò fẹ́ràn ẹjọ́ tó bá tètè parí. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà.

"Ta ló ń lò ó, Alhaji?"

"Èmi, Fúnkẹ́, àti Gbémiga tó ń ṣọ́ ẹrù ní Hamburg. Ṣùgbọ́n Gbémiga ò mọ programming o."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n."

Ó kàn ń yan ohun tó fẹ́ rí lójú kọ̀ǹpútà: irú ẹrù, orúkọ ẹni tó ni ín, ọjọ́. Ẹ̀rọ méjèèjìlá yọ síta. Alhaji lanu.

"Kò sẹ́ni tó pa nǹkan kan rẹ́," ni Akínfẹ́mi wí. "Ẹnì kan ló ṣètò view tiẹ̀, ìyẹn ohun tí kọ̀ǹpútà máa fi hàn, ó ní kó fi gbogbo ẹ̀rọ ìránṣọ pamọ́, àfi ti Vincent Babalọlá. Fúnkẹ́, ta nìyẹn?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà. Inú passport tí wọ́n fi fax ránṣẹ́ ni mo ti kọ orúkọ ẹ̀. Mi ò dé Hamburg rí." Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Sà, ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mi ò jalè!"

Akínfẹ́mi gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Lọ́jọ́ kejì, òun àti Alhaji wọkọ̀ ojú irin lọ sí Hamburg.

Gbémiga fi ẹ̀rín pàdé wọn. "Kọ̀ǹpútà? Èmi aláàárù! Ẹ lọ mú àwọn tó kàwé o."

"Kò burú. Vincent ńkọ́?"

"Vincent wo?"

"Vincent Babalọlá yẹn."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. "Háà! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má pe Bàbá Wòlíì bẹ́ẹ̀. Ní àdúgbò wa ní Osdorfer Born, ta ló tó pe Bàbá lórúkọ?"

"Alhaji, ṣé ẹ mọ̀ pé wòlíì ni?"

"Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Mi ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí."

Akínfẹ́mi yíjú sí Gbémiga. "Kò sí wòlíì nínú àkọsílẹ̀, orúkọ lásán ló wà níbẹ̀. Nínú ẹ̀yin mẹ́ta, ìwọ nìkan lo mọ ẹni tó ń jẹ́ ẹ. O kó mọ́kànlá, àmọ́ ẹ̀rù àtikó tiẹ̀ bà ọ́. O jẹ́ kó hàn nínú ìwé kó lè dé Èkó láyọ̀. Yíyàn ni o yàn án, kò gba programming."

Gbémiga wolẹ̀. "Ẹrù Ọlọ́run ni, sà."

"Ta ló wá ni ìyókù?"

Alhaji tẹ Olúfúnkẹ́ láago, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ọmọ mi, má bínú. Gbémiga ni."

"Mo gbọ́, sà. Ojú èrò lẹ ti pè mí lólè. Ojú èrò náà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀ mí."