Àtè Lórí Pẹpẹ Olongo

“Bí o bá tún mí báyìí, yóò tún fò lọ!” Ṣèyíọlá fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà.

Òtítọ́ ni. Ọláníkẹ́ tún gbé kámẹ́rà sókè, olongo, ẹyẹ kékeré tó ń yà, sì tún fò lọ. Àǹtí Morọ́láyọ̀, àbúrò bàbá rẹ̀ tí í ṣe olùkọ́ ní yunifásítì, ló kan pẹpẹ kékeré sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé wọn, ní ọ̀nà Ekenwan ní ìlú Bìní. Àràárọ̀ ni wọ́n ń da jéró síbẹ̀ fún àwọn ẹyẹ. Ọ̀la ni ìdíje fọ́tò ẹyẹ ní ilé-ìwé wọn, ìrù nìkan ló sì wà nínú gbogbo fọ́tò tí Ọláníkẹ́ ti yà.

“Bàbá mi àgbà máa ń fi oje ọdán ṣe àtè,” ni Ṣèyíọlá wí. “Ó kù díẹ̀ nílé wa. Ká fi kun ẹ̀ka orí pẹpẹ tó máa ń bà lé. Bó bá ti lẹ̀, o yà á, a tú u sílẹ̀. Àbí ìrù lo fẹ́ gbé lọ fún tíṣà?”

Àǹtí ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀: “Àlejò wa ni wọ́n. A kì í pe àlejò wá jẹun, ká dẹ pàkúté sábẹ́ àwo.” Ọláníkẹ́ rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí ìrù náà pẹ̀lú. Nígbà tí Ṣèyíọlá sáré gbé àtè wá, ó fi kun ẹ̀ka.

Kò pẹ́ tí olongo náà fi bà. Ó fẹ́ fò, ẹsẹ̀ kò gbé. Ó na ìyẹ́, ìyẹ́ náà lẹ̀.

“Yà á! Kí lo ń wò?”

Ọláníkẹ́ gbé kámẹ́rà sójú. Ó rí i tí ẹyẹ náà la ẹnu sílẹ̀, tí kò lè ké. Ó sọ kámẹ́rà kalẹ̀.

“Àǹtí o! Ẹ gbà mí!”

Àǹtí gbé òróró jáde, kò sì bá ẹnikẹ́ni wí. “Rọra dì í mú. Má fún un.” Wọ́n fi òróró yọ àtè náà díẹ̀díẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ kan sì já, wọ́n fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nù ún, wọ́n sì tẹ́ aṣọ fún un nínú páálí. Ọwọ́ àwọn ọmọ náà lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé yóò kú?” ni Ọláníkẹ́ bi Àǹtí.

“A ó máa wò ó. Ẹ lọ gé ẹ̀ka yẹn dànù.”

Nírọ̀lẹ́, wọ́n ṣí páálí. Olongo gbọn ara, ó sì fò kọjá orí ògiri. Ọláníkẹ́ mí kanlẹ̀.

Fọ́tò ìrù ló gbé lọ sí ìdíje. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín, ó sì bá wọn rín in.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, bó ti ń da jéró láìmú kámẹ́rà lọ́wọ́, olongo kan tí ìyẹ́ rẹ̀ já bà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń jẹun. Ṣèyíọlá tó dúró tì í kò tilẹ̀ mí.

Ohun tí a bá fi sùúrù dúró dè, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi rìn wá bá wa. Èyí tí a bá sì fi àtè mú, ọwọ́ tiwa náà ni yóò lẹ̀ mọ́.